Black-Eyed Susan ti 1829: báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é lórí ìtàgé, kí ló sì gbé e dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

@tíátà_gidi
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ará ilé. Eré atukọ̀ kan ni mo fẹ́ ká jọ tú palẹ̀: Black-Eyed Susan tí Douglas Jerrold kọ, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Surrey Theatre nílùú London ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà 1829.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ìtàn náà nìyí ní ṣókí. William jẹ́ atukọ̀ nínú ọkọ̀ ogun ọba. Ó fi Susan ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ ní Deal, létí òkun Kent, ó bá ogun lọ. Doggrass, ẹbí Susan fúnra rẹ̀, fẹ́ lé e jáde nítorí owó ilé. Hatchet, olórí àwọn onífàyàwọ́, parọ́ fún un pé William ti kú, nítorí ó fẹ́ sọ ọ́ di aya. William dé, irọ́ já. Ṣùgbọ́n Crosstree, ọ̀gá ọkọ̀ tí William ń sìn, mutí yó, ó fẹ́ fi tipátipá mú Susan. William já wọlé, ẹ̀yìn ọkùnrin náà nìkan ló rí, ó ṣá a ládàá. Ìgbà tí ẹni náà ṣubú ló tó rí i pé ọ̀gá òun ni. Ìgbìmọ̀ ológun dá a lẹ́jọ́ ikú. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n so ó rọ̀, Crosstree sáré dé pẹ̀lú ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti tú William sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ọba kó tó ṣá ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè méjì ni mo ní. Ṣé òṣèré tó kọ́kọ́ ṣe William ló gbé eré yìí ga ni, àbí ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́? Èkejì: ẹgbẹ́ òṣèré tó bá fẹ́ ṣe é lónìí, báwo ni kí wọ́n ṣe ìran ìkẹyìn yẹn tí kò fi ní dẹ̀rín?

@ọmọ_etíkun
T. P. Cooke ló gbé e ga, láìsí àní-àní. Wọ́n bí i ní 1786, ó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi ní 1796 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ó sì wà níbi ogun Cape St Vincent ní 1797. Ní 1804 ló bọ́ sórí ìtàgé. Nítorí náà, bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń fa okùn, bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ dúró bí ọkọ̀ bá yí, kò kọ́ ọ lọ́wọ́ olùkọ́ eré kankan.

Ohun kejì tí àwọn ènìyàn kì í fi kún un: Cooke yìí náà ló ṣe ẹ̀dá abàmì inú Presumption ní 1823, eré tí wọ́n yọ láti inú ìtàn Frankenstein. Ẹ̀dá yẹn kò sọ̀rọ̀ rárá. Gbogbo ohun tó ní í sọ, ara ló fi sọ ọ́. Ní 1825 ó ṣe atukọ̀ kan, Long Tom Coffin, nínú eré The Pilot ní ilé eré Adelphi. Nígbà tí 1829 fi dé, ó ti mọ bí a ṣe ń fi èjìká àti ọwọ́ pa ilé eré lẹ́nu mọ́, ó sì ti mọ bí àwọn ará London ṣe fẹ́ràn atukọ̀ lórí ìtàgé. William kó àwọn nǹkan méjèèjì pọ̀.

Eré náà ju 150 alẹ́ lọ ní Surrey. Kí 1829 tó parí, Covent Garden, ilé eré ńlá tí ọba fọwọ́ sí, ti gba eré náà àti Cooke pẹ̀lú. Iye tó ń gbà níbẹ̀ jẹ́ £60 lọ́sẹ̀.

@ìwé_àtijọ́
@ọmọ_etíkun, ẹ ṣeun, òótọ́ lẹ sọ nípa Cooke. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má yọ Jerrold kúrò níbẹ̀. Òun náà wọ ọkọ̀ ogun lọ́mọ ọdún mẹ́wàá! Ní oṣù Kejìlá 1813 ni wọ́n gbà á sínú Namur gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀gá ọkọ̀. Charles Austen ni ọ̀gá ọkọ̀ náà, àbúrò Jane Austen tó ń kọ ìtàn àròsọ. Clarkson Stanfield, ẹni tó di ayàwòrán ìtàgé pàtàkì lẹ́yìn náà, wà nínú ọkọ̀ kan náà, àwọn ọ̀dọ́ inú ọkọ̀ sì ń ṣeré fún ara wọn. Lẹ́yìn náà Jerrold bọ́ sínú Ernest, ọkọ̀ tó kó àwọn tó gbọgbẹ́ ní Waterloo padà sílé ní 1815. Bàbá rẹ̀ ló ń darí ilé eré ní Sheerness, ìlú èbúté àwọn ọmọ ogun ojú omi. Ilé eré àti ọkọ̀ ogun, inú méjèèjì ló dàgbà sí.

Ẹ wo ibi tí ìmọ̀ yẹn ti hàn: ìlànà tó kọ sílẹ̀ fún ìran ìkẹyìn. Orí iwájú ọkọ̀ ni. Agogo ń dún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá tó ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n ló ṣíwájú, idà rẹ̀ wà lábẹ́ apá, ẹnu idà náà kọjú sí ẹlẹ́wọ̀n. William tẹ̀lé e láìwọ jákẹ́ẹ̀tì, láìsí aṣọ ọrùn, ọmọ ogun kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Admiral, ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ogun ojú omi, àti àwọn ọ̀gá tó kù tẹ̀lé wọn. William kúnlẹ̀, gbogbo ọkọ̀ bá a gbàdúrà. Pèpéle kan nà láti ẹ̀gbẹ́ iwájú ọkọ̀ dé ibi tí okùn òpó ti sọ̀ kalẹ̀. Àsíá òfeefèé ń fẹ́ lókè. Atukọ̀ kan dúró ti ìbọn ńlá, okùn tí wọ́n fi ń yìn ín wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nínú ọkọ̀ ogun láyé ìgbà náà ni gbogbo èyí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹkún pa èrò nìkan kò ní kọ ibi tí ẹnu idà gbọ́dọ̀ kọjú sí.

@amòfin_eré
Ẹ jẹ́ kí n fi ti òfin kún un, nítorí òfin wà nínú eré yìí lọ́nà méjì.

Ìkíní ni òfin ìtàgé. Láti 1737, ilé eré méjì péré nílùú London, Drury Lane àti Covent Garden, ló ní ẹ̀tọ́ láti máa ṣe eré ọ̀rọ̀ ẹnu gidi (Haymarket náà ní tirẹ̀ ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn). Àwọn ilé eré kéékèèké bíi Surrey, tó wà ní òdìkejì odò Thames, gbọ́dọ̀ fi orin àti ijó sí eré wọn. Ìdí nìyẹn tí orin fi kún Black-Eyed Susan, tí atukọ̀ kan sì fi dìde kọ orin Black-Eyed Susan tí John Gay kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú. Orin yẹn náà ni Jerrold ti mú orúkọ eré. Àìgbọdọ̀máṣe ni orin náà, ṣùgbọ́n ó fi ṣe eegun ẹ̀yìn eré. Ìdè òfin yẹn kò já títí di 1843.

Èkejì ni owó. Robert William Elliston tó ni àkóso Surrey ń san £5 lọ́sẹ̀ fún Jerrold kó máa bá òun kọ eré. Nínú gbogbo ariwo Black-Eyed Susan, ohun tó kan Jerrold kò tó £100. Bí eré bá ti jáde, kò sí òfin tó ní kí ilé eré mìíràn sanwó fún ẹni tó kọ ọ́. Ẹ fi £60 tí Cooke ń gbà lọ́sẹ̀ wé e. Ìwà ìrẹ́jẹ pátápátá ni. Ní 1832, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìtàgé, Jerrold wá jẹ́rìí níwájú wọn. Ní 1833 wọ́n ṣe òfin tó fún òǹkọ̀wé eré ní ẹ̀tọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

@tíátà_gidi
Ẹ kú iṣẹ́ o. @amòfin_eré, ìwé ìtúsílẹ̀ tó dé lójijì yẹn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ pé ọgbọ́n kó-ṣáà-ti-parí ni.

@amòfin_eré
Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò ka eré náà délẹ̀. Nínú òfin ológun ojú omi ìgbà náà, abala 22 sọ ọ́ kedere: ẹni tó bá lu ọ̀gá rẹ̀, ikú ni. Bí wọ́n ṣe kà á nínú eré náà, kò bi í pé kí ni ọ̀gá ń ṣe lọ́wọ́. Nítorí náà Jerrold kò lè mú ìdáríjì ti inú àánú wá láìba òfin tó fi gbé gbogbo eré náà ró jẹ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni kó jẹ́ pé William kì í ṣe ọmọ ogun mọ́ nígbà tó ṣá a. Crosstree fúnra rẹ̀ ló ti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tú u sílẹ̀, nítorí William ti gba ẹ̀mí rẹ̀ là rí. Lẹ́tà náà dé, Doggrass fi í pamọ́ lójú èrò, omi gbé Doggrass lọ, ara òkú rẹ̀ ni wọ́n ti rí ìwé náà.

Èrò inú ilé eré mọ̀ pé lẹ́tà kan wà níbì kan. Ìyẹn ló ń mú wọn jókòó sétí àga. Ẹgbẹ́ tó bá gé ìran lẹ́tà náà kúrò nítorí àkókò ló sọ ìgbẹ̀yìn di ọgbọ́n ọ̀lẹ. Ẹ má gé e.

@káfíńtà_ìtàgé
Ẹ kú àlàyé. Mo wá dáhùn ìbéèrè kejì, nítorí ọ̀rọ̀ pákó àti ìṣó ni.

Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé omi. Sadler's Wells ti gbé adágún omi sórí ìtàgé láti 1804: gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 90, fífẹ̀ rẹ̀ 24, jíjìn rẹ̀ 3, wọ́n sì ń fi àwọn ọkọ̀ kéékèèké ja ogun nínú rẹ̀. Surrey kò nílò ìyẹn fún eré yìí. Nínú ìran ìkẹyìn, bí ẹni pé orí ọkọ̀ ni èrò wà, wọn kò sí létíkun. Bí ẹ bá gbé àwọn pákó ìgbì wá, tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn William, ojú gbogbo ènìyàn á kúrò lára rẹ̀. Aṣọ ẹ̀yìn kan tí a ya ojú ọ̀run àti òpó ọkọ̀ sí ti tó.

Pèpéle: 2.4 m ní gígùn, 1.2 m ní fífẹ̀, 75 cm ní gíga. Pákó 2×4 fún férémù àti ẹsẹ̀, pílíwúùdù 18 mm lókè. Ẹ fi ìdábùú sí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ nìyí: William á fò sílẹ̀ láti orí rẹ̀ nígbà tí ìwé bá dé. Bí kò bá sí ìdábùú, pèpéle á mì lẹ́yìn rẹ̀, èrò á rẹ́rìn-ín ní ibi tó yẹ kí wọ́n ti kígbe ayọ̀.

Okùn: ẹ má so ó mọ́ ohunkóhun lókè tó lè gbé ènìyàn. Kó rọ̀ lẹ́yìn William, kí èrò rí i, ó ti tó. Kò gbọdọ̀ wọ ọrùn òṣèré lálẹ́ kankan.

Ìbọn ńlá: òun ni ẹ̀mí ìran náà. Nínú ọkọ̀ gidi, tí ìbọn bá dún, àwọn tó di okùn mú á sáré, wọ́n á fi fa ẹlẹ́bi sókè. Nítorí náà ikú William wà ní ọwọ́ ẹni tó di okùn ìbọn mú. Ìbọn yẹn kò sì dún. Ẹ gbé e síwájú ìtàgé lápá kan, kí pèpéle wà lẹ́yìn lápá kejì, kí ojú èrò máa sáré láàárín méjèèjì. Ẹni tó wà nídìí ìbọn kò gbọdọ̀ wo William. Ọ̀gá ni kó máa wò, kó máa dúró de àṣẹ. Kó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀, ká rí bí okùn ṣe ń le. Ìgbà tí okùn bá le tán ni kí ohùn Crosstree dún láti ẹ̀yìn ìtàgé. Òṣèré tó ń ṣe Crosstree máa ń yára, ẹ̀rù ń bà á pé àyè á pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí olùdarí fún un ní àmì, kó má ṣe dá a gbé.

Agogo: lu ú ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 12. Bó bá yá jù, agogo ilé ìwé ni yóò jọ.

Aṣọ: àwọn atukọ̀ lásán kò ní aṣọ iṣẹ́ tí ìjọba là sílẹ̀ títí di 1857. Nítorí náà ẹ má rán aṣọ kan náà fún gbogbo wọn. Jákẹ́ẹ̀tì búlúù kúkúrú, ṣòkòtò funfun gbòòrò, aṣọ ọrùn dúdú, ṣùgbọ́n kí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ díẹ̀.

@olórin_ilé_eré
Kékeré ni tèmi. Ijó hornpipe, ijó àwọn atukọ̀, tí William ń jó gbọ́dọ̀ wá ní kùtùkùtù eré, nígbà tí ayọ̀ ìpadàbọ̀ ṣì wà. Iṣẹ́ ọkọ̀ ló wà nínú ẹsẹ̀ ijó náà: fífa okùn, gígun òpó, fífi ọwọ́ bo ojú wo òkèèrè. Bí òṣèré kò bá mọ iṣẹ́ tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan dúró fún, ijó ọmọdé ló máa dà. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹ fi orin bo ìtò ìkẹyìn mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin o. Agogo nìkan ni kó máa dún títí William á fi gun pèpéle.

@tíátà_gidi
Ẹ ṣeun púpọ̀. Lẹ́yìn Cooke ńkọ́? Ṣé eré náà kú ni?

@ọmọ_etíkun
Kò kú. Cooke fúnra rẹ̀ kò tètè fi í sílẹ̀. Jerrold kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà 1857, ọjọ́ kan náà nínú oṣù tí eré náà kọ́kọ́ jáde ní 1829. Lọ́dún yẹn Cooke tún ṣe William láti fi kówó jọ fún ìdílé rẹ̀. Ní 1860 ó ṣe é kẹ́yìn ní Covent Garden, ó ti lé ní ẹni ọdún 70.

Ní 1866 F. C. Burnand sọ ọ́ di eré àfiṣẹ̀sín ní Royalty Theatre, ìyẹn sì ju 400 alẹ́ lọ. Ní 1878, H.M.S. Pinafore, eré olórin apanilẹ́rìn-ín ti Gilbert àti Sullivan, jáde. Gbogbo ohun tó ń pa èrò lẹ́rìn-ín níbẹ̀, láti orí atukọ̀ olóòótọ́ dé orí ọ̀gá ọkọ̀ àti àṣírí tó tú níkẹyìn, inú irú eré yìí ló ti wá. Ẹni tó bá mọ Pinafore tí kò mọ Susan, ìdajì ẹ̀fẹ̀ náà ló gbọ́.

Àwọn kan tún gbìyànjú láti tún un ṣe kó bá ojú àwọn ọlọ́lá mu. W. G. Wills tún un kọ, ó pè é ní William and Susan, wọ́n ṣe é ní St James's Theatre ní 1880. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dán, ṣùgbọ́n lójú tèmi iyọ̀ ti kúrò nínú rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1896 William Terriss gbé eré Jerrold gan-an padà sí Adelphi, Jessie Millward ni Susan. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni wọ́n gún Terriss pa lẹ́nu ọ̀nà ilé eré kan náà. Ní 2007, nígbà tí wọ́n tún Theatre Royal tó wà ní Bury St Edmunds ṣe tán, ilé eré tí wọ́n kọ́ ní 1819, Black-Eyed Susan ni wọ́n fi ṣí i.

@ìtàn_etí_ọ̀sà
Mo fẹ́ fi ohun kan kún un tó kàn wá níhìn-ín. Àwọn ọmọ ogun ojú omi tí eré wọ̀nyí ń gbé ga ni wọ́n wà ní etíkun wa lákòókò kan náà. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ Myrmidon gba ọkọ̀ ẹrú Esperança Felix tó ti Èkó gbéra. Àjàyí, ọmọ Òṣogùn tó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Kejì 1829, oṣù mẹ́rin ṣáájú kí Susan tó jáde ní Surrey, ọkọ̀ Black Joke ja ìjà líle pẹ̀lú ọkọ̀ ẹrú El Almirante ní omi ìhà ọ̀dọ̀ wa, ó sì ṣẹ́gun.

Ọ̀rọ̀ náà dé orí ìtàgé Surrey gan-an. Ní 1835, J. T. Haines kọ My Poll and My Partner Joe fún Cooke. Nínú rẹ̀ atukọ̀ náà bá àwọn ènìyàn rẹ̀ gba ọkọ̀ ẹrú, wọ́n tú àwọn tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n máa jó lábẹ́ àsíá. Inú èrò dùn. Ṣùgbọ́n eré náà kò tẹ̀lé àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ dé Freetown, níbi tí ìgbésí ayé tuntun ti bẹ̀rẹ̀ fún wọn pẹ̀lú ìnira. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú eré yìí síwájú èrò ní Èkó tàbí Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀.

@ìwé_àtijọ́
Ẹ ṣeun gan-an fún èyí. Ní 1830, ọdún tó tẹ̀lé Susan, Jerrold gbé The Mutiny at the Nore jáde, níbi tí àwọn atukọ̀ ti dìde sí àwọn ọ̀gá wọn. Ẹ kà á pọ̀ mọ́ Susan. Ẹ ó rí i pé kì í ṣe àsíá nìkan ni Jerrold ń yìn. Ìyà tí wọ́n fi ń jẹ mẹ̀kúnnù inú ọkọ̀ ń dùn ún.

@tíátà_gidi
Ìbéèrè ìkẹyìn: ènìyàn mélòó ló lè ṣe é tí kò ní fọ́? Owó kò pọ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́.

@káfíńtà_ìtàgé
Méjìlá. William, Susan àti Crosstree kò gbọdọ̀ ṣe ipò mìíràn. Doggrass kú kí eré tó parí, Hatchet àti Raker, onífàyàwọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, náà ti kúrò, nítorí náà àwọn mẹ́ta yẹn lè wọ aṣọ Admiral àti àwọn ọ̀gá ọkọ̀ fún ìgbẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ẹ yí irun àti ìrìn wọn padà. Gnatbrain, Jacob Twig àti Dolly ló ń pa èrò lẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí àwọn ọkùnrin méjèèjì di ọmọ ogun tó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ William. Àwọn mẹ́ta tó kù ni atukọ̀, ọ̀kan nínú wọn ló ń kọrin, ọ̀kan ló wà nídìí ìbọn. Fún ìgbẹ́jọ́, tábìlì gígùn kan, Union Jack, àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lókè àga Admiral, ìbọn ńlá mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan bí Jerrold ṣe kọ ọ́. Bí owó kò bá tó, ẹ ya ìbọn wọ̀nyẹn sára pílíwúùdù. Ti ìran ìkẹyìn nìkan ni kó jẹ́ èyí tó ní kẹ̀kẹ́ àti okùn gidi.